Oyè Alààyè

Adéọ̀ṣun ni ó ń sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ Ìdóròkò ni ẹ ń gbọ́.

Ìlú yín ṣọ̀tẹ̀ sí Arógundádé, jagunjagun tí ó ti ṣẹ́gun rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti bodè mọ́ ọn. Ni ó bá ránṣẹ́ sí Fágbohùn, àbúrò Balógun. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, bá Fágbohùn níbi tí ó ti ń ṣí bodè fún ọ̀tá.

"Kí ni Arógundádé fún ọ?"

"Oyè Balógun ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ní ń jẹ oyè alààyè?"

"Kò ní pẹ́ ṣófo."

Àwẹ̀ró ní, "Bí ògiri kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni ó lanu yìí."

Àwọn ọ̀tá wọlé, wọ́n pa Balógun. Wọ́n ta Àwẹ̀ró lẹ́rú. Fágbohùn jẹ oyè náà, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ajẹ́lẹ̀ Arógundádé láràárọ̀.