Bí Ọ̀fun Àkèré Ṣe Wú

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀fun Àkèré ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹni tó bá jókòó tì í nìkan ló ń gbóhùn rẹ̀, àwọn ẹ̀dá etídò ní agbo orin kan. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ni wọ́n ń pàdé.

Agbo náà dùn, àmọ́ ẹmu ń bà á jẹ́. Bí àwọn olórin bá ti mu ún, èyí á sùn, ìyẹn á bú sẹ́kún, òmíràn á máa bá igi jà. Orin kì í dé ìdajì.

Ni Ẹ̀gà, ẹyẹ aláròyé tó jẹ́ olórí agbo, bá lọ bẹ Ìyá Òkété, tí àgbàdo kì í wọ́n nínú ihò rẹ̀. "Ìyá, ẹ bá wa pọn ọtí tí yóò tu ọ̀fun lára, tí kò ní da orí rú."

Ìyá Òkété rẹ àgbàdo títí ó fi hù. Ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó sì sẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, ó pọ́n bí oyin tuntun, ó sì fúyẹ́.

Àṣà agbo ni pé ẹni tó bá tọ́ ọtí tuntun wò, tó sì sọ bó ṣe rí, ni yóò dá orin àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ni Àkèré ti ń gbè láti kékeré. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó gbè tàbí kò gbè, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún wọra.

Kí Ẹ̀gà tó béèrè ẹni tí yóò tọ́ ọ wò tán, Àkèré ti bẹ́ sójú agbo. "Èmi ni! Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni!"

"Ọmọ mi, rọra," Ìyá Òkété wí. "Kò tíì kan tán, ó ṣì ń hó. Fi ahọ́n kàn án, kí o tu ú dànù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ṣé ẹ rò pé Àkèré gbọ́? Ó ní bí díẹ̀ bá ń tu ọ̀fun lára, ọ̀pọ̀ á sọ ohùn di ńlá. Ó ki orí bọ ìkòkò, ó fa ọtí sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi kún dẹ́múdẹ́mú.

Nígbà tó gbórí sókè, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bó bá tu ú, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀kánjúwà ni, wọ́n á gba orin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá panu dé.

"Ó dùn àbí kò dùn?" Ẹ̀gà béèrè.

Àkèré mi orí.

"A kì í fi orí dáhùn níbí o. Sọ̀rọ̀!"

Ọtí ò dúró dè é. Ó ń yọ́ wọ ọ̀fun rẹ̀, ó ń hó, ó ń ru, ọ̀fun sì ń wú. Ó tó ẹyin, ó tó ọsàn. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Òkété káwọ́ lérí. "Yéè! Kó má lọ bẹ́ o!"

Àkèré lanu láti sọ pé ó dùn.

"Kwáààà!"

Ewé já, omi odò mì, Ẹ̀gà ré bọ́ lórí ẹ̀ka.

"Hàà!" Ẹ̀gà gbọn ìyẹ́ rẹ̀. "Ohùn adárin lèyí. Dá a, ká gbè é!"

Inú Àkèré dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dá a, wọ́n gbè é. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan tán, wọ́n mu ún, orí ẹnikẹ́ni kò sì dàrú. Nígbà tó yá, Ẹ̀gà ní, "Ó tó, Àkèré. Jẹ́ kí ẹlòmíràn náà dá tiẹ̀."

Àkèré fẹ́ dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti panu dé, ọ̀fun á tún wú, ohùn á tún bú jáde. Nígbà tó sú wọn, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ lójú agbo.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun àkèré ti ń wú kó tó ké, òun náà ló sì ń dá orin létí odò bí òjò bá ti rọ̀. Orin tó ń wá láti dá, ó ti rí i dá. Bí yóò ṣe parí rẹ̀ ni kò tíì mọ̀.