Ọjọ́ tí Èéfín Kò Rú ní Ìdí-Arère

Ọdẹ́tọ́lá ni Baálẹ̀ Ìdí-Arère láyé ìgbà tí ogun ń kó ènìyàn lóko bí ẹni ń ṣa ìgbín. Bí a bá ń wá ọkùnrin tó fẹ́ràn ilé rẹ̀, kí á má wá a lọ jìnnà. Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi bí ọmọ tó kéré jù nínú ilé bá ti yó. Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ń pọ̀n ọ́n lọ sódò lójoojúmọ́, odidi Baálẹ̀, níṣojú gbogbo ayé. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n rọra, ẹni tí kò lè gbé aya rẹ̀ kò lè gbé ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn jagunjagun òdìkejì odò wá kó abúlé náà lẹ́rú, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ṣíwájú àwọn tó lé wọn padà. Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó odi.

Ṣùgbọ́n ikú kò mọ akọni. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbé e ṣánlẹ̀, ó sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin.

Àṣà Ìdí-Arère ni pé bí Baálẹ̀ bá kú, wọ́n á pa gbogbo iná abúlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dáná títí wọn yóò fi sin ín. Kí oòrùn tó gòkè, wọ́n ti da omi sí gbogbo ààrò. Ìgbà tí Àwẹ̀ró gbójú sókè nínú ẹkún, tó rí ojú ọ̀run tó mọ́ roro láìsí èéfín kan, ni àyà rẹ̀ já. Àwọn ará òdìkejì odò mọ àṣà yìí bí ẹni mowó, orí òkè ni wọ́n sì ti máa ń ṣọ́ abúlé. Èéfín tí kò rú yìí ti túfọ̀ Baálẹ̀ fún ọ̀tá! Ó ro àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà nínú okùn ẹrú, ẹkún gbẹ lójú rẹ̀. Ó sáré tọ Baba Akíntàyọ̀, àgbà abúlé, lọ níbi tó jókòó sí nínú agbo ilé Baálẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dáná. Wọ́n á wá kó wa."

"Àwẹ̀ró, èèwọ̀ ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kò gọ̀."

"Wọn ò gọ̀, Baba, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú. Àwa la ṣì wà láyé."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí ọkùnrin àjèjì kan fi wọ agbo ilé, tòun ti àpáàdì lọ́wọ́.

"Ẹ kú ilé o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí níná díẹ̀, mo fẹ́ sun iṣu jẹ lọ́nà."

Àwẹ̀ró rí àpá ọṣán ọrun ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé àwọn ará òdìkejì odò ló rán an.

"Iná ti kú, ọmọ mi."

"Iná ilé Baálẹ̀?" Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ lójú ààrò, ó fi igi tú eérú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ n kúkú kí Baálẹ̀ kí n tó máa lọ."

"Wọ́n ń sùn."

"Ní ìyálẹ̀ta?" Ó ti dìde, ó ń lọ síbi ilẹ̀kùn.

Òkú wà lórí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn; bí ọwọ́ ọkùnrin yìí bá fi lè tì í, Ìdí-Arère parí.

"Ta ní ń tú eérú nínú ilé mi?" Ohùn náà bú láti inú yàrá, ó wúwo, ó ha díẹ̀, ohùn Ọdẹ́tọ́lá gan-an. "Àwẹ̀ró! Dá a dúró fún mi níbẹ̀. Mò ń mú idà ogbó mi bọ̀!"

Àlejò kò dúró gba ogbó. Àpáàdì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́, òun náà sì sáré gba ọ̀nà odò lọ bí ọ̀yà tí ajá lé.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró ju àlejò lọ, nítorí òun ló mọ̀ pé òkú ló wà nínú yàrá. Ó pẹ́ kó tó lè ṣí ilẹ̀kùn. Ọdẹ́bùnmi, àkọ́bí wọn, ló bá níbẹ̀, ọmọbìnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bú pé ọ̀fun baba rẹ̀ ló jí gbé. Ó di ẹsẹ̀ òkú mú.

"Ìyá mi, mo pè yín lórúkọ," ó wí pẹ̀lú ẹkún. "Ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ ni Baba máa ń pè yín."

Àwẹ̀ró gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún.

Baba Akíntàyọ̀, tó ti lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àká, yọjú. "Ta ló sọ̀rọ̀? Ṣé kò kú ni?"

"Ó kú, Baba. Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn."

Baba wo eérú tútù tó bo ojú ààrò. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ọmọ rẹ̀ sì ti ga dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Kò sọ̀rọ̀ èèwọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣáná, tó dá a sójú ààrò Baálẹ̀, èéfín sì rú. Kò sí ọ̀tá tó rékọjá odò wá títí wọ́n fi sin Ọdẹ́tọ́lá, Ọdẹ́bùnmi ni wọ́n sì mú jókòó sípò baba rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.