Wàláà Tó Bí Àwọn Iwin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi JavaScript kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ ní ọ̀rọ̀ kíláàsì kò yé yín, ẹ sún mọ́ mi. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọmọ ọdẹ láti ìran dé ìran, ẹ̀jẹ̀ ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Iwin kan nínú Igbó Ojúkan fún Ọdẹ́yalé, àbúrò mi, lọ́rùn pa. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ fẹ́ ṣe ìṣípà tí a fi ń sin ọdẹ tó kú, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ìrèmọ̀jé, arò òkú ọdẹ, títí n ó fi pa apani náà. Inú bí mi débi pé oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi.

Mo wọ igbó láàárọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti pa iwin méje. Ojú kan náà, ohùn kan náà. Bí mo ti ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń yọ, ọkàn mi kò sì rọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo tọ ipasẹ̀ wọn títí mo fi bá ìyá arúgbó kan tó jókòó ti wàláà ńlá kan. Mo na ìbọn sí i, kò tilẹ̀ mira.

“Ọdẹ, bí a bá pa ọmọ, ṣé ìlànà tí a fi dá a kú?”

Mo ní rárá.

“O gbọ́n díẹ̀. Inú wàláà yìí ni gbogbo wọn ti wá. Bí mo bá ní ‘tuntun’, ọ̀kan á dìde, n ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí i lára. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ké, bí a ti ń fún ènìyàn lọ́rùn, ibí ni mo kọ ọ́ sí. Bí iwin bá fẹ́ ṣe nǹkan, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò wá wò ó nínú wàláà.”

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi da omi kèrègbè mi sórí ìlà ìfúnlọ́rùn, mo sì nù ún kúrò. Jákèjádò igbó, ọwọ́ àwọn iwin rọ bí ewé tí oòrùn pa. Àfi bí ọwọ́ kan ṣe gbá mi lọ́rùn mú láti ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì nìkan. Ojú ìka ọwọ́ òsì nìkan ló wà lọ́rùn àbúrò mi lọ́jọ́ tí a gbé e délé. Ìbínú ló mú mi gbàgbé. Iwin yìí ti kọ ìfúnlọ́rùn tirẹ̀ sí apá ara rẹ̀, kò nílò ti wàláà. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gún un, mo tún un gún, mo ń pe Ọdẹ́yalé sí i létí títí ó fi dákẹ́.

Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ẹ̀yìn náà ni mo rántí àwọn méje tí mo pa láìṣẹ̀, mo sì bẹ ìyá náà pé kí ó dá wọn padà. Ó ní “tuntun” lẹ́ẹ̀méje, méje dìde, ojú kan náà. Mo bi í ní orúkọ àwọn ti ìṣáájú.

“Ara wọn ni mo kọ ọ́ sí,” ni ó wí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kíláàsì ni wàláà náà. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú rẹ̀ yóò kan gbogbo ọmọ rẹ̀, àfi èyí tó ní tirẹ̀ lára. Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ yẹ òun fúnra rẹ̀ wò kí ẹ tó gbógun ti ìran rẹ̀. Ìbínú kò da nǹkan fúnni. Mo padà sílé, a ṣe ìṣípà, mo sun ìrèmọ̀jé títí ó fi kan ibi tí a ti ń pe orúkọ àwọn òkú. Òkú mẹ́jọ ló wà lọ́kàn mi. Ti Ọdẹ́yalé nìkan ni mo rí pè.