Ṣírái Tí Mo Sọ Di Ológoṣẹ́

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ má sì bá mi kẹ́dùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi fa ọ̀ràn yìí. Tókúdà ni orúkọ mi, ọmọ ìlú Ọ̀sákà ní ilẹ̀ Jàpáàn. Bàbá mi ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí òkè. Èmi náà dọdẹ, ṣùgbọ́n eré ni mò ń dọdẹ rẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣe géèmù, irú èyí tí àwọn ọmọ yín ń tẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n títí ọbẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n ṣọ́ fi ń jóná.

Ṣírái ọ̀rẹ́ mi ló ń ya àwòrán, èmi ni mò ń darí iṣẹ́. A jọ jẹun nínú abọ́ kan, a jọ jìyà lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tí a parí géèmù wa àkọ́kọ́, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó gbà wá síṣẹ́ pè mí, ó ní kí n fi ìnagijẹ rọ́pò orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Àṣà wọn nígbà náà ni pé orúkọ gidi òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ hàn ní ìparí géèmù, kí iléeṣẹ́ mìíràn má baà fà á lọ. Mo pa orúkọ Ṣírái rẹ́, mo kọ “Ológoṣẹ́” sí i.

Ṣírái ní, “Tókúdà, ìyá mi fẹ́ rí orúkọ mi níbẹ̀.”

Mo ní, “Ó di èyí tó ń bọ̀.”

Ogún géèmù la ṣe. “Ó di èyí tó ń bọ̀” ni mò ń wí títí Ṣírái fi kú.

Ẹ̀bi náà wọ̀ mí lọ́rùn, ni mo bá wọ Igbó Àwọn Tó Ti Lọ, kí n lè tọrọ àforíjì. Iwin olójú méje kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, ta lo ń wá?”

“Ṣírái, ayàwòrán.”

Ó ṣí ewé kan tó fẹ̀ bí ẹní, àwọn àwòrán géèmù wa ló kún inú rẹ̀. Ó ní, “Orúkọ tí a kọ sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni la fi ń mọ ẹni níhìn-ín. Ológoṣẹ́ ló ya gbogbo èyí. Ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pe Ológoṣẹ́ fún mi. Ó pè é. Ojú Ṣírái ló jáde, ìrìn Ṣírái ni. Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀, mo sunkún. Mo ní, “Ṣírái, dárí jì mí.”

Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, “Bàbá, ta ni Ṣírái?”

Bí mo ṣe padà délé, ọ̀dọ̀ ìyá Ṣírái ni mo gbà lọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Géèmù wa àkọ́kọ́ ló wà níwájú wọn, wọ́n ń wo àwọn orúkọ bí wọ́n ṣe ń kọjá níparí. Wọn kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Tókúdà, ṣé orúkọ ọmọ mi á wà nínú èyí tó ń bọ̀?”

Iléeṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Kò sí èyí tó ń bọ̀ mọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ rántí ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, nígbà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣì lè dáhùn. Èmi ṣì ń pe Ṣírái láràárọ̀, kò sì dá mi lóhùn.