Orúkọ Tí Òkè Ajẹ́pè Kò Lè Gbé Mì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àga, ẹ kú ìgbádùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri mi, mo kí yín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ rọra, nítorí ògiri náà ti dàgbà bí èmi alára, bí ó bá sì wó, èmi àti òun la ó jọ máa wá ẹni tí yóò gbé wa dìde. Èmi ni Ọdẹ́wùnmí, ìyàwó ilé Olókùúta ní ìlú Ìdí-Àpáta, ìlú tí òkè yí ká bí ọmọ ti í yí ìyá wọn ká lọ́jọ́ tí ẹran bá wà nínú ìkòkò. Bàbá mi kò bí ọkùnrin, èmi ni ó fa ìbọn lé lọ́wọ́, mo sì fi ìbọn náà ṣọdẹ títí ó fi di pé yóò kọ́kọ́ húkọ́ kí ó tó dún. Ìwé tí mo kà kò tó èyí tí a fi ń di ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kò sí òkúta kan lórí Òkè Ajẹ́pè tí ẹsẹ̀ mi kò mọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá rú lójú, kí ó lọ bi òkè náà léèrè. Yóò dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ìyàwó ìsinsìnyí tí ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín lórúkọ bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé, ẹ tẹ́tí. Láyé tiwa, ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń tọ̀ sára, ọkọ ni ó jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ láé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa fi pè é. Ọjọ́ tí mo délé ọkọ mi, mo bá àbúrò rẹ̀ obìnrin kan tí ń jẹ́ Ìbídùnní (nítorí ìtàn yìí ni mo ṣe dá a lórúkọ fún yín, èmi kò fi pè é rí), ọmọdébìnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná, kí n tó yíjú wá iyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìkòkò. Mo bá sọ ọ́ ní Atọ́bẹ̀wò-kó-tó-jinná, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí èèmọ́ bá lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Ìbídùnní di ìyá ńlá ní Ìbàdàn, ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé wọn. Ní ọdún kan ó ránṣẹ́ pé òun ń mú àwọn ọ̀rẹ́ òun bọ̀ wá ṣeré lórí òkè wa. Àwọn méjì ni ó mú wá. Èkíní ni Àlájà Sàlámọ́tù, tí kì í lọ síbì kankan láìgbé kúlà oúnjẹ dání. Èkejì ni Bàbá Fátókì, ẹni tí ó wa ọkọ̀ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ sì ti dà bíi ti fèrè ọkọ̀ náà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó kí mi kú ilé, adìẹ mi tó ń sàba fi ẹyin sílẹ̀. Òun náà kò níyàwó mọ́. Bí mo ti rí i pé ọkọ mi obìnrin yìí ń tún gèlè ṣe nígbàkigbà tí Bàbá Fátókì bá ti húkọ́, mo mọ̀ pé àlejò náà kì í ṣe àlejò lásán.

Ìbídùnní fà mí wọ ilé ìdáná. Ó ní, “Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí orúkọ burúkú yẹn jáde lẹ́nu rẹ títí a ó fi lọ. Bàbá yìí rò pé èmi kì í jẹun púpọ̀.”

Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti gbé e mì.” Ṣùgbọ́n bí ó ti ń bẹ̀ mí lọ́wọ́ náà ni ó ti ṣí ìdérí ìkòkò mi, tí ó sì ti fi ìka kan ọbẹ̀ lá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a gbéra. Ní ẹsẹ̀ òkè, a bá ìjímèrè arúgbó tí ń ṣọ́ ibẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá mi. Ó kí mi pé, “Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Oníbọn-tí-ń-húkọ́.” Èmi náà kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ìṣọ́, Bàbá Onírùngbọ̀n-ewúrẹ́.” Ó gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ Àlájà, ó tú ewé mọ́ínmọ́ín náà wò bóyá ẹyin wà nínú rẹ̀, ó rí i, ó sì kìlọ̀ fún àwọn àlejò. Ó ní Gbohùngbohùn tí ń gbé inú àpáta lókè kò ní orúkọ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń jí ti ẹlòmíràn. Ó ní, “Ẹ má ṣe pe orúkọ ara yín lókè. Orúkọ tó bá kó sí i lẹ́nu, olórúkọ yóò máa tẹ̀ lé e wọ inú àpáta ni, títí yóò fi di òkúta.” Ó nawọ́ sí àwọn òkúta tó dúró káàkiri ibẹ̀, òmíràn wé gèlè, òmíràn dé fìlà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sápá kan. Gbogbo wọn gbà, Bàbá Fátókì sì fi ọwọ́ bo ẹnu láti fi hàn pé òun gbọ́.

A wá ń gòkè lọ. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn lórí irin tó tọ́ kò mọ ọ̀nà wíwọ́, nítorí náà ibi gbogbo tí ọ̀nà bá ti yà ni Bàbá Fátókì ń dúró sí, tí ó ń mí fìn-ìn, tí ó ń bi mí pé ibùdókọ̀ wo nìyẹn. A pàdé odò kan tó ń gun òkè lọ, òun náà ń mí hẹlẹ. A kí i pé ó kú ìrìn, ó ní kí a má ṣe dá òun dúró, òun gbàgbé nǹkan sílé ni òun ń padà lọ mú.

Nígbà tí a dé orí àpáta, Àlájà ṣí kúlà, a jẹun. Ẹ ò bá rí ọkọ mi bí ó ti ń ṣa ìrẹsì jẹ ní hóró kọ̀ọ̀kan bí ẹyẹ ológoṣẹ́, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣọ́ ẹran bí ojú àṣá. Bí ó ti jẹun bí ẹyẹ tán, ó lọ já òdòdó kan létí bèbè, níbi tí àpáta ti ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Àyà Bàbá Fátókì já, ìfẹ́ sì gbàgbé ìkìlọ̀. Ó ké, “Ìbídùnní!”

Òkè náà gbà á, ó ní Ìbídùnní, dùnní, dùnní, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó gbé òkèlè mì. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró dáadáa wá yíjú padà, ojú rẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Láti inú pàlàpálá àpáta, ohùn kan tó dùn bí oyin pè é pé Ìbídùnní. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀, ó sì ń lọ síbẹ̀. Bàbá Fátókì tún pè é. Bí ó ti ń pè é ni ohùn inú àpáta ń sanra sí i, tí obìnrin náà ń yára sí i, àfìgbà tí mo fi ọwọ́ dí ẹnu ọkùnrin náà. Mo di ìró Ìbídùnní mú, ó ń wọ́ mi lọ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dà bí eérú, ó sì ń dún kò, kò lórí àpáta, bí òkúta tí ń kan òkúta. Mo ké pé, “Ọkọ mi!” Gbogbo akọ ọ̀bọ orí òkè ló dá mi lóhùn.

Nígbà náà ni mo rántí ìjímèrè, pé láti ìgbà tí a ti mọra, kò pe orúkọ mi rí. Orúkọ kan ṣì kù lọ́wọ́ mi tí òkè kò mọ̀. Mo wo Bàbá Fátókì, mo wo ẹsẹ̀ kan Ìbídùnní tó ti wọ inú pàlàpálá. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tí ìtìjú bá dé bá ṣì wà láàyè, ẹni tó bá di òkúta kò lójú tí ìtìjú yóò tì. Mo gbé ohùn sókè bí mo ti máa ń gbé e nílé ìdáná: “Atọ́bẹ̀wò-kó-tó-jinná!”

Òkè bẹ̀rẹ̀ pé Atọ́, Atọ́bẹ̀, ó há a lẹ́nu, ó dúró. Ó wá fi ohùn ara rẹ̀ bi mí pé, “Ọbẹ̀ wo?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí ẹ mọ̀ yìí, bí wọ́n bá bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, mélòó ni mo máa ń fi dáhùn? Mo sọ ti ẹ̀gúsí fún un, mo sọ ti ẹja tó pòórá, tí ọmọ náà ní ológbò ló jẹ ẹ́ nígbà tí a kò ní ológbò, mo sọ ọjọ́ tí orí rẹ̀ há sínú ìkòkò tí wọ́n ní láti pe alágbẹ̀dẹ. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já bọ́, àwọn ọ̀bọ di igi mú. Kò sì sí ẹni tó lè ya ẹnu rẹ́rìn-ín kí ó tún di nǹkan mọ́ ẹnu. Orúkọ Ìbídùnní bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó padà bá ẹni tó ni ín.

Ọkọ mi yọ ẹsẹ̀ jáde, ó sì kọjú sí mi. Ó ní, “Ìyàwó, kí ni mo sọ fún ọ nílé ìdáná?” Mo bú sẹ́kún ayọ̀, nítorí ìbínú rẹ̀ gbóná, òkúta kì í sì í bínú.

Lẹ́yìn náà ni ó wá rántí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi, ó sì fa gèlè bojú. Àlájà ń wo sánmọ̀. Bàbá Fátókì húkọ́, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, “Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, èmi ni mò ń se ọbẹ̀ mi. Kò sí ẹni tí ń bá mi tọ́ ọ wò. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ rẹ̀ kì í fi í ṣe déédéé.”

Gèlè náà rọra ká sókè lójú kan. Ọkọ mi ní, “Ṣé ẹ máa ń fi irú sí i?”

Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Ìbàdàn báyìí, mo sì gbọ́ pé ọbẹ̀ kì í jinná níbẹ̀ kí ó tó dín kù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, orúkọ tí wọ́n sọ yín lọ́jọ́ ìkómọ dára, aṣọ ìjáde ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ fi pè yín sínú kòtò yóò rí i pè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹnì kan tí ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, tí ó fún yín ní orúkọ kan nídìí ààrò, ẹ má ṣe bínú sí i jù. Ọjọ́ tí ayé bá gbé orúkọ ńlá yín mì, ti ààrò yẹn ni yóò fà yín jáde. Ó tó, ẹ̀yìn ti ń dun ògiri mi. Ẹ máa lọ ire, kí ilé yín tutù kí ẹ tó dé e. Bí ẹ bá sì fi ẹsẹ̀ kọ òkúta kan lọ́nà, ẹ kí i. Ó lè jẹ́ pé kò rí ìyàwó ilé tí yóò fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni.