Fìlà Agẹṣin tí Àwẹ̀ró Fi Pamọ́

Ní ìlú Ọ̀dànlá, níbi tí koríko tẹ́ lọ débi tí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀, ẹṣin ni iyì ọkùnrin. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Orí ẹṣin ni ọkọ rẹ̀ ti já bọ́, tí orí rẹ̀ gbá àpáta, tí ó sì gba ibẹ̀ kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Ògúnrìndé. Àwẹ̀ró bẹ ọmọ náà títí pé kó gba oko lọ, kó fi ẹṣin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń nawọ́ sí ẹṣin láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ta ni yóò dá a dúró? Nígbà tó rí i pé òun kò lè gba ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó kéré tán, òun yóò wá nǹkan fi bo orí rẹ̀.

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Lágbókùn, ẹni tó ń rán fìlà agẹṣin, ìyẹn fìlà tó nípọn, tí wọ́n ń ki òwú sí láàárín aṣọ, kí orí má baà fọ́ bí ẹṣin bá gbé èèyàn ṣubú. Èyí tí wọ́n fi idẹ bò, tó ń kọ mànà, ni Ògúnrìndé kọ́kọ́ nawọ́ sí.

"Mi orí rẹ ná," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó mi orí. Fìlà yí, ó sì bò ó lójú.

"Agẹṣin tí kò ríran, ibo ló ń lọ? Bọ́ ọ sílẹ̀."

Òmíràn fún mọ́ ọn lórí débi pé ó fi ojú ìlà sí i níwájú orí. Ó ní òun yóò fara dà á. Àwẹ̀ró ní irọ́ ni, pé fìlà tó bá ń ni orí lára, ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣí i sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe dán gbogbo èyí tó wà nílé Lágbókùn wò nìyẹn, kò sí èyí tó bá a mu. Ni Lágbókùn bá mú okùn, ó wọn orí ọmọ náà yípo, ó ní òun yóò rán tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọ̀já tí yóò gba abẹ́ àgbọ̀n. Àwẹ̀ró gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí náà, ó sì ń fi ọwọ́ pa á.

Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, wọ́n á rò pé ọmọ ọwọ́ ni mí."

Fìlà kò tíì parí tí ọba fi rán àwọn agẹṣin lọ sí òkè odò Ọya láti lọ ra ẹṣin wá. Àwẹ̀ró ní kó dúró de fìlà rẹ̀. Ògúnrìndé ní àwọn ẹgbẹ́ òun kò ní dúró de òun.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí iṣu tuntun bá fi jáde, mo ti dé."

Iṣu tuntun jáde, Ògúnrìndé kò dé. Àwọn tó bá a lọ padà wá, wọ́n ní ibi tí àwọn ti ń sọdá odò ni àwọn ti pín sí ọ̀nà méjì, àwọn kò sì rí àwọn yòókù mọ́. Kò sẹ́ni tó rí òkú, kò sẹ́ni tó rí ààyè.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró ni Lágbókùn fi fìlà náà lé. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti mú, yóò gbé e jáde sá sóòrùn, yóò gbọn eruku rẹ̀, yóò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí itan. Nígbà mìíràn, á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ooru ara. Bí pátákò ẹṣin bá dún lọ́nà, á dìde. Bí ẹlẹ́ṣin bá kọjá, á rọra tún jókòó. Àwọn ará ilé ní kó gbàgbé. Ó ní, "Orí tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé rẹ̀?" Ọdún ń gorí ọdún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní agbo ilé wọn tí ń jẹ́ Lámọ́ní. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹṣin ìjòyè kan ló ń tọ́jú. Nígbà tí ọdún eré ẹṣin ń bọ̀, ìjòyè náà ní Lámọ́ní ni yóò gun ẹṣin òun. Lámọ́ní wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fìlà ẹ̀gbọ́n mi. Ara ẹṣin tí mo fẹ́ gùn kò balẹ̀, n kò sì ní nǹkan tí mo lè fi bo orí."

Àwẹ̀ró di fìlà mọ́ àyà. "Lámọ́ní, fìlà yìí ní orí tó ni ín."

"Mo mọ̀, Ìyá. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ ni n ó dá a padà."

"Bó bá dé lọ́jọ́ náà ńkọ́? Bó bá fi rí fìlà rẹ̀ lórí ẹlòmíràn, yóò ní èmi náà ti gbà pé òun ti kú."

Lámọ́ní dìde nílẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ eré, Àwẹ̀ró wà láàárín èrò. Kì í ṣe eré ló wá wò. Àwọn àlejò máa ń ti ọ̀nà jíjìn gun ẹṣin wá, ojú wọn ló sì máa ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà wà ní abíyá rẹ̀. Ibi tó ti ń wo ojú àwọn àlejò ni ariwo ti sọ. Ẹṣin Lámọ́ní ti ta gìrì, ó ti gbé e sọ sókè, orí ló sì fi balẹ̀. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú gèlè, ó fi di ojú ọgbẹ́, ó sì fi fìlà rọ ọ́ lórí. Ẹ̀jẹ̀ rin òwú náà gbindin.

"Orí tí kò sí nílé ni mo ń fi fìlà dè!" ni ó ń ké. "Orí tó wá bẹ̀ mí nìyí, mo jẹ́ kó lọ lófìfo!"

Àwọn àgbà tó dúró yí wọn ká gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Lámọ́ní kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ilé Àwẹ̀ró ló ti gba ìtọ́jú. Nígbà tó lè dìde rìn, ìyá náà gbé fìlà tó ti fọ̀ jáde, ó dé e fún un. Fìlà náà kò wọ̀ ọ́ lórí. Òkè orí ló dúró sí, nítorí orí Lámọ́ní tóbi ju ti Ògúnrìndé lọ.

Àwẹ̀ró gbé fìlà náà lé itan. Lẹ́yìn náà ó mú abẹ, ó wá ojú rírán tí Lágbókùn fi mọ ìwọ̀n orí ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fi sílẹ̀," ni Lámọ́ní wí. "Orí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

"Òun náà ni mo ń tú."

Omijé ń kán sórí aṣọ, ṣùgbọ́n ó tú u tán. Ó gé etí ìró rẹ̀, ó fi fẹ̀ ẹ́, ó tún òwú kì sí i, ó sì so ọ̀já rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n Lámọ́ní. Bí ọmọkùnrin náà ṣe dé fìlà jáde, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Lámọ́ní yà sí ibùjẹ ẹṣin. Àwẹ̀ró kò wo ibẹ̀, ọ̀nà odò Ọya ló kọjú sí.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Ọ̀dànlá ti ń pa á lówe, tí gbogbo ayé sì fi gbà á lẹ́nu wọn, pé: "Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí."