Ìjàpá, Ẹtu àti Awò Ojú Ìlú

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ tòní kì í ṣe ti ẹni tó ń tòògbé. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ o.

Àlọ́ mi rìn títí, ó kan ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán tó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó tún rìn síwájú, ó kan ẹni tí kò rí nǹkan tó ní a dúpẹ́. Ta lẹ rò pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn jẹ́?

Ìjàpá.

Òun náà ni, ọkọ Yánníbo. Ta ni yóò tún jẹ́? Ṣùgbọ́n Ẹtu ló ń ṣe mí láàánú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni n óò sì kọ́kọ́ sọ.

Ojú Ẹtu yìí ń ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Igi tó wà lókèèrè di èéfín, èyí tó wà nítòsí náà sì tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan tó ń lọ mumi lódò, okùn tàkúté ọdẹ kàn án ní pátákò. Ó fò sẹ́yìn, àyà rẹ̀ já. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ o. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà, ibi tí ìyá bá sì gbé ẹsẹ̀ sí ni ọmọ ẹtu ń gbé tirẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà, oorun dá lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá ibi tí òun fẹ́ tẹ̀ yẹn ni yóò pa ọmọ òun.

"Ìyá mi, ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

"À ń lọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí n mí díẹ̀."

Ẹ má rò pé kò sí ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé ìwé, ohun tí ẹ ń gbọ́ nínú rédíò pé ó ń jẹ́ adójútòfò ìlera, àwọn ẹranko ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá ńlá yín. Wọ́n ní oko kan tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Gbogbo agboolé ló ń ro ó, ẹni tí ojú ń dùn àti ẹni tí ojú kò dùn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Ohun tó bá ti oko náà jáde ni wọ́n fi ń tọ́jú olójú dídùn. Bàbá Òwìwí ló ń yẹ ojú wò. Ẹni tí kò bá ríran, ìlú á fún un ní awò ojú tí wọ́n fi òkúta odò tó mọ́ gaara gbẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á tún máa se ẹ̀fọ́ ẹlẹ́pọ̀ àti ẹja yíyan fún un, torí epo pupa dára fún ojú. Kò sì ní fọwọ́ kan ọkọ́ ní oko ìlú títí ọdún á fi yí po. Ṣùgbọ́n òkúta odò ṣòro gbẹ́. Awò kan ṣoṣo ló ń jáde lọ́dún, ẹni tí ojú rẹ̀ bá burú jù ló sì ń gbà á.

Ẹja yíyan ni Ìjàpá gbọ́. Kò gbọ́ ìyókù.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, Ẹtu mú Àwẹ̀ró lọ́wọ́, ó lọ dúró lórí ìlà. Ìjàpá ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú àárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ojú mi ni, Ìjàpá. Ó ń ṣú."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀." Ìjàpá wo ẹ̀yìn. "Ẹ ò mọ̀ pé Ẹkùn ní etí káàkiri? Bó bá gbọ́ pé Ẹtu ò ríran mọ́, ẹran wo ni yóò tún máa lé?"

Ẹtu rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni kí n wá wí fún bàbá?"

"Ohun tí ọmọlúàbí ń wí. Bí àgbà bá ní báwo ni, a dúpẹ́ là ń wí. A kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn."

Wọ́n pe Ẹtu. Bàbá Òwìwí bà sórí kùkùté kan ní òdìkejì pápá. Ẹtu kúnlẹ̀, ó kí i.

"Báwo ni ojú, ìyá Àwẹ̀ró?"

"A dúpẹ́, bàbá." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni mo gbé sókè yìí?"

Kùrukùru nìkan ni Ẹtu ń wò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fẹ́, imú rẹ̀ gbọ́ òórùn àgbàdo tútù. "Àgbàdo ni, bàbá."

"Ó dára. Ojú yẹn ṣì ń gbìyànjú. Ẹ padà wá lámọ́dún."

Àmọ́dún. Ẹtu dìde, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kò lè lọ sílé. Ọ̀nà ilé náà ni okùn wà. Ó mọ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun ta ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì í láti padà lọ sọ fún àgbà pé òun purọ́.

Ó wá kan Ìjàpá. Ó na ọwọ́ síwájú, ó lọ forí gbá igi obì, ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Bàbá Òwìwí, ó ń kí kùkùté mìíràn. Ló bá fi orin bẹnu:

Bàbá Òwìwí o,
*Jànjálá*
Ojú mi ti lọ,
*Jànjálá*
Mo wo ọ̀nà oko,
*Jànjálá*
Mi ò rọ́nà oko,
*Jànjálá*
Mo wo Yánníbo,
*Jànjálá*
Mo ní ṣé àpáta ni,
*Jànjálá.*

Àwọn tó wà lórí ìlà ń nu omijé. Bàbá Òwìwí gbé àgbàdo sókè, Ìjàpá ní òun ò rí ọwọ́ bàbá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbé odindi iṣu sókè, Ìjàpá ní ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni. Bàbá ní kò tún sí ẹni tí ojú rẹ̀ burú tó èyí. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un, kó jókòó sí ibòji, kí òun lọ wá okùn tí òun máa fi so awò náà mọ́ ọn lórí.

Ìjàpá jẹ ẹja, ó lá epo. Ó wo ìsàlẹ̀ abọ́, epo ti tán. Ó gbójú sókè.

Lójú ọ̀nà odò lọ́hùn-ún, Ọ̀bọ ti fi igbà gun ọ̀pẹ, ó fẹ́ gé ẹyìn tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ mìíràn. Kò sọ̀rọ̀, kò tí ì fi àdá kan nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í rí akọpẹ lórí ọ̀pẹ kó má kí i. Yánníbo pàápàá kò lè gba ìwà yẹn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Igbà á rọ̀ o, Ọ̀bọ," ni Ìjàpá ké. "Ìdì ọwọ́ ọ̀tún ni kí o gé. Tòsì yẹn ò tí ì pọ́n."

Bàbá Òwìwí yí orí rẹ̀ bìrí, bí òun nìkan ti lè yí i.

Ẹtu di ọmọ rẹ̀ mú. "Àwẹ̀ró, ta ló wà lórí ọ̀pẹ?"

"Ọ̀bọ ni, ìyá mi."

"Ọ̀pẹ wo?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Ẹtu dìde.

"Ẹ forí jì mí, bàbá. Mi ò rí Ọ̀bọ. Mi ò rí ọ̀pẹ. Mi ò rí ẹ̀yin gan-an tí mò ń bá sọ̀rọ̀, òórùn àgbàdo ni mo gbọ́. Ojú mi ò dára, ọmọ mi ń tẹ̀ lé mi, ẹ̀rù sì ń bà mí."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ gan-an nìyẹn," ni Bàbá Òwìwí wí. Ó fò lọ bá a, ó so awò náà mọ́ ọn létí.

Ìlú ní kí Ìjàpá máa ro ebè Ẹtu kún tirẹ̀ ní oko ìlú. Ẹtu gba ọ̀nà odò lọ sílé. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ó rí okùn kan tẹ́ẹ́rẹ́ nínú koríko, ó dúró, ó fi àyà dí Àwẹ̀ró lọ́nà. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ní ti Ìjàpá, kò rí ibi gbé e gbà mọ́. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á ní, "Igbà á rọ̀ o," á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ìjàpá bá gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn, á yára fa orí wọlé. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà kí i, ẹ̀rù sì ń bà á kí òun náà má baà kíni.

Ẹ̀yin ọmọ, bí oníṣègùn bá bi yín léèrè ara, kì í ṣe kíkí ló ń kí yín. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí n kí akọpẹ lọ́la kó má dá mi lóhùn.